Irúgbìn tòmátì Roma VF: ohun tí mo rí nínú àpò ìrẹsì 14

Ìdì kan ni mo ra, gíráàmù 10, ₦2,000, ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá. Inú ìdì yẹn ni tòmátì tí a jẹ nílé wa ti jáde láti ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejìlá títí di òpin oṣù kìn-ín-ní, èyí tí mo sì sá gbẹ nínú rẹ̀ ni mo ṣì ń sè di oṣù kẹta. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ṣé kí òun rà á, màá ní kó rà á. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí irúgbìn yìí lè ṣe, ohun kan sì wà tí kò lè ṣe, ẹni tó tà á fún mi kò sì là á yé mi. Àìmọ̀ yẹn gba igi tòmátì 24 lọ́wọ́ mi láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Òjóò ni mò ń gbé, n'Ìbàdàn, aṣọ ni mò ń rán. Ọjà Ṣáṣá kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé tòmátì bọ̀ láti Òkè Ọya ti ń já ẹrù. Ẹni tó ń gbé irú àdúgbò báyìí kì í sábà ronú pé kí òun gbin tòmátì. Àárín ọdún ló ń kọ́ èèyàn. Bí tòmátì ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n fi omi rin ní Kánò àti Kàdúná bá ti tán, tí ti òjò kò sì tíì jáde, owó rẹ̀ á gbéra sọ. Àwa tí a ń dáná lọ́dún 2016 kò jẹ́ gbàgbé. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta ya wọ oko ní Kàdúná, ó ń lu ewé, ó ń lu èso, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pàjáwìrì ní oṣù karùn-ún, àwọn èèyàn sì sọ ọ́ ní Ebola tòmátì. Tàtàṣé àti rodo nìkan ni mo fi ń lọ ata nígbà yẹn. Ní àárín ọdún tó kọjá, nígbà tí mo rí i pé owó iṣẹ́ bùbá kan kò lè ra ju abọ́ tòmátì kékeré méjì lọ, mo sọ fún ọkọ mi pé ẹ̀yìn ilé wa kò ní ṣófo mọ́.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà kì í ṣe inú ìdì. Obìnrin kan tó ń ta irúgbìn nínú ọjà ló bù ú fún mi láti inú agolo, ó dì í sínú ọ̀rá, ó ní Roma ni. Mo ka 50 hóró, mo gbìn ín. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, 9 ló hù. Bóyá oòrùn ti pa á nínú agolo ni o, bóyá ó ti pẹ́ jù ni o, kò sí bí mo ṣe lè mọ̀, nítorí kò sí ọjọ́ kankan lára ọ̀rá. Mo wá lọ ra èyí tí wọ́n dì, ìdì pélébé tó ń dán nínú bíi bébà páálí sìgá, tí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n dì í àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ sí lẹ́yìn. Mo tún ka 50. Èyí àkọ́kọ́ yọrí ní ọjọ́ kẹfà, nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹwàá mo ti ní 43. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra irúgbìn tòmátì tí wọ́n ń bù nínú agolo. Ẹ yẹ ẹ̀yìn ìdì wò, ẹ ka ọjọ́ tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Abọ́ rọ́bà tí mo lu ihò sí nídìí ni mo gbìn wọ́n sí. Mo sẹ́ ilẹ̀ náà, mo da omi gbígbóná sí i, mo jẹ́ kó tutù kí n tó fi hóró kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, kò jìn ju èékánná lọ. Mo fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó kí òjò má baà lù ú. Nígbà tí ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí igi kọ̀ọ̀kan ti ní ewé tó tó márùn-ún, mo ṣí wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo rì wọ́n wọlẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ewé, nítorí ara igi tòmátì tó bá wà nínú ilẹ̀ máa ń ta gbòǹgbò tuntun. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé gba 24. Mo fún aládùúgbò ní 5. Èyí tó kù, 14, kò ní àyè, ni mo fi kó wọn sínú àpò ìrẹsì oníkìlò 50 tí mo ká létí wálẹ̀ dé ìdajì. Ilẹ̀ dúdú tí àbúrò ọkọ mi fi kẹ̀kẹ́ márúwá gbé wá láti ẹ̀gbẹ́ igbó kan ní Mọníyà ló wà nínú àpò, ìlọ́po méjì rẹ̀ sí ìgbẹ́ adìyẹ ìlọ́po kan. Ìgbẹ́ adìyẹ náà ti wà ní òkìtì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ti jẹrà, kò gbóná mọ́. Tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò. Mo to àwọn àpò náà sórí búlọ́ọ̀kù nínú ọgbà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tẹ́. Àwọn àpò yìí kò sí lọ́kàn mi rárá, ti ilẹ̀ ni mò ń wò.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún lẹ́yìn tí mo ṣí wọn ni mo jáde láàárọ̀ tí mo bá igi mẹ́ta nínú ti ilẹ̀ tó ti tẹrí ba. Ewé wọn ṣì dúdú mìnìjọ̀, kò pọ́n, kò ní àbààwọ́n, kòkòrò kankan kò sì jẹ ẹ́. Mo rò pé òùngbẹ ni, mo bomi rin ín. Lọ́jọ́ kejì ó di méje. Bàbá tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa ni mo sáré lọ pè. Bàbá yìí ti ṣiṣẹ́ oko fún ọ̀pọ̀ ọdún ní NIHORT, ilé ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ewébẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975, tó wà ní Ìdí-Ìṣìn níbí n'Ìbàdàn. Wọ́n dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ewé.

“Ìyàwó, kí lo gbìn síbí lọ́dún tó kọjá?”

“Ata rodo ni, bàbá.”

“Ata, ìgbá, tòmátì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Èyí tó pa ẹ̀gbọ́n ti lúgọ de àbúrò nínú ilẹ̀. Bu omi wá fún mi nínú ife tó mọ́ gaara.”

Mo bu omi wá. Wọ́n gé ọ̀kan nínú àwọn igi tó rọ ní ìdí, wọ́n rọra ki ojú ibi tí wọ́n gé bọ omi, wọ́n dì í mú láì mì ín. Kò pẹ́, nǹkan funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ wálẹ̀ láti ojú igi náà, tín-ín-rín bí òwú, bí ìgbà tí omi ògì bá kán sínú omi tó mọ́. Bàbá ní kòkòrò àìfojúrí ló kún inú igi náà, ó ti dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè, òun ló fà á tí igi fi ń rọ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi. Wọ́n ní kò sí oògùn tí mo lè fọ́n sí i tí yóò jí.

Ó dùn mí, mo sì bi wọ́n pé: “Bàbá, ṣebí wọ́n kọ VF sára ìdì, ẹni tó tà á fún mi ní àrùn ò lè mú un?”

Ohun tí wọ́n ṣàlàyé fún mi nìyí, òun náà ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ra irúgbìn yìí mọ̀. V dúró fún Verticillium, F dúró fún Fusarium. Irú ẹ̀bu méjì ni wọ́n, ẹbí èyí tó máa ń bo búrẹ́dì tó ti pẹ́, inú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé, gbòǹgbò ni wọ́n ń gbà wọlé, àwọn náà máa ń mú kí igi tòmátì rọ. Wọ́n ti bí agbára láti kojú àwọn méjèèjì mọ́ Roma VF. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ilẹ̀ mi kì í ṣe ẹ̀bu, lẹ́tà méjì ara ìdì yẹn kò sì kàn án. Ó yé mi bó ṣe máa ń yé aránṣọ: aṣọ tó ń gba òtútù kì í ṣe aṣọ òjò. Kì í ṣe pé irúgbìn náà purọ́. Ẹni tó tà á ló fi ẹnu rẹ̀ bo ohun tí ìdì kò sọ.

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, gbogbo igi 24 ti lọ. Àwọn tó wà nínú àpò ńkọ́? Hóró kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni mo gbìn wọ́n, ọjọ́ kan náà ni mo ṣí wọn, omi kan náà ni mò ń bù fún wọn. Kò sí ọ̀kan tó rọ. Ilẹ̀ Mọníyà yẹn kò tíì gbé ata tàbí tòmátì rí, búlọ́ọ̀kù tí mo gbé àpò lé ni kò sì jẹ́ kí omi ẹ̀yìn ilé ṣàn kàn wọ́n. Bàbá ní kí n jó àwọn igi tó kú, kí n má jù wọ́n sórí ààtàn tí mo ti ń bu ajílẹ̀, kí n sì fọ ọkọ́ mi kí n tó fi kan àpò kankan. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, àpò ni mo ń sọ fún èèyàn pé kó fi bẹ̀rẹ̀, kódà bó bá ní ilẹ̀.

Bí igi náà ṣe ń dàgbà tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Roma kì í fà lọ bí àwọn mìíràn. Tó bá ga dé ìbàdí èèyàn, á dáwọ́ dúró, á wá kọjú sí èso. Ọ̀pá kan ló tó o, mo sì fi etí aṣọ tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ mi so ó, ó rọ̀, kò gé igi. Mo ti gbọ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ máa já àwọn ẹ̀ka tó ń yọ lábíyá ewé. Mo já ti igi méjì. Àwọn méjì yẹn ló so kéré jù lọ, nítorí orí àwọn ẹ̀ka yẹn ni Roma ń gbé púpọ̀ nínú èso rẹ̀ sí. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí òdòdó yọ, mo máa ń gbọn ọ̀pá wọn díẹ̀ láràárọ̀ kí ìyẹ̀fun inú òdòdó lè bọ́ síra, torí ọgbà wa ní ògiri yí ká, afẹ́fẹ́ kì í wọ ibẹ̀ dáadáa.

Eṣinṣin funfun kéékèèké tó máa ń fò bùù bí èèyàn bá fọwọ́ kan ewé wá ní oṣù kọkànlá. Mo gún ewé dóńgóyárò, mo rẹ ẹ́ mọ́jú, mo sẹ́ ẹ, mo fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, mo ń fọ́n ọn sábẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́. Ó dín wọn kù, kò lé wọn tán. Igi méjì ká jọ, ewé wọn rúnpọ̀, wọn ò dàgbà mọ́, mo sì fà wọ́n tu kí wọ́n má baà kó o ran àwọn yòókù. Ó ku 12.

Àléébù kan wà tí ó jẹ́ ti Roma fúnra rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kejìlá mo lọ sí òkú kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò. Àwọn ọmọ bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tí mo dé, ìdí èso mọ́kànlá ti dúdú, ó wọnú, bí ibi tí áyọ́ọ̀nù bá jó lára aṣọ. Mo tún sáré tọ bàbá lọ, ẹ̀rù ti ń bà mí pé èkejì ti dé. Wọ́n ní kì í ṣe àrùn tó ń ràn. Kálísíọ̀mù, èròjà tó pọ̀ nínú èèpo ẹyin, ni kò dé ìdí èso, omi ló sì ń gbé e rìn nínú igi. Bí omi bá dáwọ́ dúró, tó tún ya dé, ìdí èso ni yóò kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀. Àwọn tòmátì gbọọrọ bíi Roma ló máa ń tètè ní i, àpò sì ń gbẹ ju ilẹ̀ lọ. Àwọn kan ní kí n lọ èèpo ẹyin sí i. Mo lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n èèpo ẹyin kì í tètè jẹrà, kò lè gba èso tó ti wà lórí igi là. Ohun tó ṣe é ni pé mo tẹ́ koríko gbígbẹ sójú àpò, mo sì ń bu omi láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ọyẹ́ mú. Èso tó yọ lẹ́yìn ìyẹn mọ́ kedere. Ẹni tí kò bá lè bomi rin ín lójoojúmọ́, tí kò sì ní ẹni tó máa bá a ṣe é, Roma nínú àpò yóò dá a lágara.

Mo gbé gbogbo ohun tí mo ká lọ sórí ìwọ̀n obìnrin tó ń ta ẹja dídì ní ìta wa, ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá ká a, mo sì ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń wọn oníbàárà. Ó jẹ́ kìlò 26 láti ara igi 12. Púpọ̀ jù nínú rẹ̀ pọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó ń kán ní díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: Roma kì í fún èèyàn ní méjì mẹ́ta lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà, ó máa ń kó gbogbo rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan.

Inú ìkòkò ló ti gba ìyìn mi. Ara rẹ̀ nípọn, omi inú rẹ̀ kò pọ̀, hóró rẹ̀ kéré. Tòmátì pẹrẹsẹ oníkùn wíwú tí mo sábà máa ń rà, tí mo bá lọ̀ ọ́, mo ní láti gbé e kaná fún bí ìṣẹ́jú 40 kí omi rẹ̀ tó gbẹ tí mo fi lè da òróró sí i. Ti Roma kò ju 15 lọ. Ní àsìkò tí gáàsì di góòlù yìí, mo ka ìyẹn sí owó. Ọbẹ̀ ata díndín rẹ̀ pọ́n, ó ki, kì í já sí omi lábẹ́ àwo, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù rẹ̀ kò sì nílò tòmátì inú agolo kankan. Tí mo bá fẹ́ jẹ ẹ́ ní tútù pẹ̀lú ẹ̀wà tàbí kí n gé e sórí búrẹ́dì, n kì í lò ó, torí kò ní ìkan àti òórùn dídùn ti ìbílẹ̀. Ẹ̀fọ́ rírò, ní tèmi, kò nílò tòmátì rárá, tàtàṣé àti rodo ti tó o.

Èyí tí a kò lè jẹ tán, mo là á sí méjì, mo wọ́n iyọ̀ sí ojú rẹ̀, mo tò ó sórí atẹ, mo sì fi nẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ́kù lára aṣọ ìyàwó kan bò ó kí eṣinṣin àti eruku ọyẹ́ má baà bà á. Ọjọ́ mẹ́rin nínú ọyẹ́ ló gbẹ, mo ń kó o wọlé ní alaalẹ́. Kìlò márùn-ún wọ agolo mílíìkì kan, kò kún un. Tí mo bá fẹ́ lọ ata, mo ń rẹ ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi gbígbóná kí n tó dà á mọ́ tàtàṣé. Adùn rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti tútù lọ. Ìyá ọkọ mi tọ́ ọbẹ̀ náà wò, wọ́n bi mí pé kí ni mo fi sí i, mo sì kó ìdajì agolo fún wọn.

Ilẹ̀ tí tòmátì kú sí kò ṣófo. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú ni mo gbìn síbẹ̀, wọn kì í ṣe ẹbí tòmátì. Tẹ̀tẹ̀ tó gé jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ di hóró ewédú sínú aṣọ, kí ẹ rì í bọ omi tó ń hó fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ sì yọ ọ́ kíákíá. Láìṣe bẹ́ẹ̀, èèpo rẹ̀ le, díẹ̀ ni yóò hù.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń di irúgbìn yìí tún ṣe kò ju mẹ́ta lọ. Gíráàmù 10 tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta hóró, ta ló fẹ́ gbìn ín sílé tán? Kí wọ́n di kékeré. Kí wọ́n kọ ìlànà rẹ̀ ní Yorùbá, ní Haúsá àti ní Ígbò, kí lẹ́tà rẹ̀ sì tó èyí tí ojú lè rí. Kí wọ́n sì kọ gbangba pé VF kò kan èyí tó ń sọ omi ògì sínú ife. Títí dìgbà yẹn, kí obìnrin mẹ́rin dá owó ra ìdì kan, kí wọ́n pín in.

Roma VF kì í ṣe irúgbìn aládàlù tí èèyàn gbọ́dọ̀ máa padà lọ rà lọ́dọọdún. Èso tó dára jù lára igi tó lágbára jù ni mo yà sọ́tọ̀. Mo fún hóró rẹ̀ sínú ife pẹ̀lú omi inú rẹ̀, mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta títí tí yọ̀rọ̀ tó bo hóró fi jẹrà kúrò, mo fọ̀ ọ́, mo sá a sórí bébà nínú ibòòji. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ka 20 nínú rẹ̀, mo fi aṣọ tútù wé e, mo fi sórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá ìránṣọ mi. Nígbà tí mo tú aṣọ náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, 18 ti yọ ẹnu funfun.